Ọmọ Ní Òun Ò Ríran, Dókítà Ní Ojú Rẹ̀ Dá Ṣáká

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1 ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti ń sọ pé òun ò rí ohun tí wọ́n kọ sí bọ́ọ̀dù. A ṣe awò ojú fún un, kò yàtọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní àárín nìkan lòun ń rí, pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ti di dúdú, bí ẹni tó ń yọjú wo nǹkan láti inú páìpù. A ti lọ ilé ìwòsàn méjì. Wọ́n kán oògùn sí i lójú, wọ́n wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Dókítà kejì tilẹ̀ sọ ọ́ lójú ọmọ náà pé ó ń díbọ́n ni. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ ti ń wá pàṣán. Ìyá ọkọ mi ní tiwọn ní kì í ṣe ojú lásán, ká gbé ọmọ lọ sórí òkè fún àdúrà. Ohun tó wá ń dà mí lọ́kàn rú ni pé mo ń rí i tó ń gba àárín àga kọjá láì fara kan ọ̀kankan, mo sì ká a mọ́ ibi tó ti ń tẹ fóònù mi. Ṣé irọ́ ni ọmọ mi ń pa fún wa? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìsùn. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi bẹ bàbá wọn kí wọ́n gbé pàṣán yẹn sílẹ̀ ná. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, mi ò rò pé irọ́ ni ọmọ yín ń pa. Mi ò sì tíì gbà pé "kò sí nǹkan kan." Àárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni ọmọ náà há sí, ẹ jẹ́ kí n tú wọn palẹ̀ fún yín.

Ẹyinjú kì í dá ríran. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, kó gbé e lé iṣan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́, kí iṣan náà gbé e dé ìpàkọ́, níbi tí apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ìríran wà. Ibẹ̀ gan-an la ti ń rí nǹkan. Gbogbo ojú ọ̀nà yìí lè dára láìsí àbùkù kankan, kí ènìyàn má sì rí, nítorí ọpọlọ ló ń yan ohun tó máa gbé síwájú wa àti ohun tó máa tì sẹ́yìn. Ẹ ti rí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún lójijì rí, tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, tí kò lè dìde mọ́. Eegun kankan ò ṣẹ́ lára rẹ̀, iṣan kankan ò já, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó ń díbọ́n. Ẹ ti rí ẹni tí ohùn há mọ́ lọ́fun lọ́jọ́ tó dúró níwájú èrò. Ohun tó ń ṣe orúnkún, tó ń ṣe ohùn, ó lè ṣe ojú náà. Ohun èlò pé, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló dàrú. A máa ń rí irú wọn déédéé ní ilé ìwòsàn ojú. Láàárín àwọn ọmọdé, àwọn tó ń sún mọ́ ìgbà ìbàlágà ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ọmọbìnrin sì ju ọmọkùnrin lọ.

Ọmọ tó ń díbọ́n mọ̀ pé òun ń ríran. Ọmọ tí mò ń sọ yìí kò mọ̀. Ohun tó sọ fún yín ni ohun tó ń bá a fínra ní tòótọ́. Ti àga àti fóònù tó dà yín lọ́kàn rú, bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó ń gba àárín àga kọjá ń lo ìríran tí ènìyàn kì í ronú sí. Gbogbo wa là ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú ilé, a kì í ka àga. Ìgbà tí wọ́n bá ní "dìde, ka ohun tó wà níwájú rẹ" ni ọkàn máa ń jí gìrì, ìgbà yẹn náà ni ìdènà máa ń wọlé. Fóònù kì í bi í ní ìbéèrè. Bọ́ọ̀dù ń bi í.

Ẹ̀wẹ̀, "kò sí nǹkan kan" tí wọ́n sọ fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí nítorí èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì sọ ọ́ sódì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ni wọ́n mú wá, ó ní àárín ohun tí òun ń wò kò hàn mọ́. Mo wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ó mọ́ lójú mi. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ara wọn ni, nítorí náà mo ti rí ohun tí mo fẹ́ dá lẹ́bi. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé wàhálà ilé ni, yóò lọ. Kò lọ. Lẹ́yìn ọdún kan wọ́n gbé e padà wá, àwọn àmì tínńtínní aláwọ̀ ìyeyè ti yọ sí ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Stargardt ni, àìsàn ìdílé tó ń jẹ àárín awọ tí a fi ń ríran, èyí tó wà lẹ́yìn ẹyinjú. Ìríran lè ti máa dínkù kí ẹni tó ń yẹ ẹ̀yìn ojú wò tó rí àmì kankan níbẹ̀. Àìsàn náà kò ní oògùn tó lè mú un kúrò, nítorí náà kì í ṣe ojú ọmọ náà ni mo bà jẹ́. Ohun tí mo bà jẹ́ ni ọdún kan gbáko tí ọmọ náà fi ń sọ òótọ́, tí gbogbo ẹni tó yí i ká sì ń pè é ní òpùrọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ka àìrí àìsàn sí ẹ̀rí mọ́. "A wá a, a ò rí i" yàtọ̀ pátápátá sí "a dán an wò, a sì rí i dájú pé ojú yìí ń ríran." Ọ̀rọ̀ kejì yìí nìkan ló tó gbé ara lé. Nínú ohun tí ẹ kọ, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ṣe èkejì fún ọmọ yín.

Àìsàn tó ń fara pamọ́ kì í ṣe Stargardt nìkan. Awọ dídán iwájú ẹyinjú lè máa yọ ṣóńṣó díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, keratoconus là ń pè é, awò ojú lásán kì í sì í tó o. Iṣan ojú lè wú láti ẹ̀yìn, níbi tí iná wa ò dé. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa máa ń sọ nípa rẹ̀ pé aláìsàn ò rí nǹkan kan, dókítà náà ò rí nǹkan kan. Ìpàkọ́ lè ní àrùn, kí ojú sì máa dán bíi ti ọmọ tuntun. Ẹni tó ń lo oògùn ethambutol fún ikọ́ ẹ̀gbẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé kí ẹ̀yìn ojú tó fi ohunkóhun hàn.

Ẹ ó rántí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Orí ń fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, wọ́n ń dákú, àwọn kan sì ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ gba ìgboro pé òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ògógóró tó ní methanol nínú ni wọ́n mu, ìyẹn ọtí olóró tí kì í ṣe mímu, methanol yìí ló sì ń pa iṣan ojú. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí ìyá ọkọ yín. Kò sí ohun tó burú nínú pé ọkàn wọn sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju ojú lásán lọ, ó jinlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Òde-Ìrèlè, ìgbà tí wọ́n fi ń di ẹ̀bi ru òrìṣà, ẹlòmíràn ṣì lè máa mu ògógóró náà.

Báwo la ṣe ń dán ìríran wò nígbà náà? Mo máa sọ ọ́ ní kíkún, kí ẹ lè bi dókítà tí ẹ máa rí pé èwo ló ti ṣe nínú rẹ̀. Kì í ṣe àṣírí. Púpọ̀ nínú wọn, bí ènìyàn tilẹ̀ mọ̀ wọ́n, kò lè fi ọgbọ́n borí wọn.

Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó jókòó. Mo máa ń wo bó ṣe ń wọlé, bóyá ó ń táràrà, bóyá ó wo ojú mi nígbà tó kúnlẹ̀ kí mi, bóyá ó na ọwọ́ gba súìtì tí mo nà sí i láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa mú tọ́ọ̀ṣì, tí mo máa gbé e láti ojú ọ̀tún sí òsì, láti òsì sí ọ̀tún. Bí iṣan ojú kan bá bàjẹ́ ju èkejì lọ, ọmọlójú, ìyẹn ibi dúdú róbótó tó wà láàárín, á máa fẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí apá tó bàjẹ́, dípò kó sún kì. Kò sẹ́ni tó lè fi ìfẹ́ inú ṣe èyí, kò sì sẹ́ni tó lè dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ojú òsì òun kò rí nǹkan kan, tí ọmọlójú rẹ̀ méjèèjì sì ń ṣe bákan náà, ó yẹ ká tún un yẹ̀ wò.

Fún ẹni tó ní òun ò rí ohunkóhun rárá, mo máa ń gbé dígí ńlá kan síwájú rẹ̀, màá wá rọra yí i lọ yí i bọ̀. Ó ṣòro gan-an fún ẹni tó ń ríran láti máa wo ojú ara rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú dígí kí ẹyinjú rẹ̀ má tẹ̀ lé e. Ohun róbótó kan tún wà tó ní ìlà dúdú àti funfun, tí a ń yí po níwájú aláìsàn. Ẹyinjú á máa sá tẹ̀ lé ìlà, á tún fò padà, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni ti ìka. Mo máa ní kí aláìsàn na ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ méjèèjì, kó fi orí wọn kan ara wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ ní tòótọ́ á ṣe é wẹ́rẹ́, nítorí ara ló fi ń mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbà pé òun ò ríran sábà máa ń tàsé, torí ó rò pé iṣẹ́ ojú ni.

Èyí tó kan ọmọ yín jù ni ti páìpù tó sọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri láti ìtòsí, ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ wá máa fi ẹ̀yìn rìn. Bí ẹ ṣe ń jìnnà ló ń fẹ̀. Bí ìríran ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí àìsàn ojú tí à ń pè ní glaucoma ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ìríran rẹ̀ tán, bí ohun tó kù tó ń rí bá fẹ̀ tó àwo ìjẹun ní mítà kan, á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ní mítà méjì. Bí ọmọ yín bá ń rí ìwọ̀n àwo kan náà ní mítà kan àti ní mítà méjì, páìpù gidi nìyẹn, kò sì sí àìsàn ojú tàbí ti iṣan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í rìn bẹ́ẹ̀. Aṣọ dúdú tí a ta sára ògiri àti bọ́ọ̀lù funfun kékeré lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó fún àyẹ̀wò yìí. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ọmọ tí wọ́n ti ná owó ńlá lé lórí fún àwòrán ọpọlọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì sún àga rẹ̀ sẹ́yìn ní mítà kan.

Ti bọ́ọ̀dù tí kò rí, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà ńlá. Ìlà tó kéré jù nísàlẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn án, màá sọ fún un pé ìyẹn le, kó má kánjú, kó sọ èyí tó bá rí. Bí a bá ń gòkè bọ̀, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e á dà bíi pé ó tóbi lójú rẹ̀. Mo lè fi awò méjì tí agbára wọn ń pa ara wọn rẹ́ sí i lójú bó ti ń kà. Mo ti rí ọmọ tí kò rí lẹ́tà tó tóbi jù nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè, tó ka 6/6, ìyẹn ìríran tó pé, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni aláìsàn ní kò ríran, a máa ń fi awò sọ ojú tó dára di bàìbàì díẹ̀díẹ̀ bó ti ń kàwé lọ, láìjẹ́ kó mọ̀ pé ojú tó ní kò dára ló ń lò báyìí. Àyẹ̀wò míràn tún wà tí a fi ń wo bóyá ojú méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti rí ohun tó yọ síta nínú àwòrán. Ẹni tó bá rí èyí tó kéré jù níbẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ń ríran dáadáa.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí mo máa fẹ́ kí ẹ béèrè fún ni OCT, tó ń ya ìpele ìpele awọ ẹ̀yìn ojú. Ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ojú ńlá, ó máa ń rí Stargardt àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ojú ènìyàn tó rí wọn. Kì í dunni, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ má fi ìkankan nínú àwọn àyẹ̀wò yìí dẹ páńpẹ́ fún un nílé, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìyá òun ń ṣọ́ òun á tún fi ọwọ́ mú àìsàn náà le sí i, nítorí ó ti di ohun tó gbọ́dọ̀ jà fún.

Ká ní wọ́n ti ṣe gbogbo èyí, ó sì dájú pé ojú rẹ̀ ń ríran. Ìgbà náà ni ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa tó dé: kí ló yí padà ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí oṣù méjì sẹ́yìn? Ilé ẹ̀kọ́ tuntun wà nínú ìwé yín, ẹ sì sáré kọjá lórí rẹ̀. Ta ló jókòó tì í? Olùkọ́ wo ló ń bẹ̀rù? Ṣé wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ṣé ìwé ló le jù, tí kò sì lè sọ fún bàbá rẹ̀? Ìtàn èyí ti pẹ́ nílùú yín níbẹ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ ìwé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí orí wọn ń gbóná, tí ohun tí wọ́n ń kà kò wọlé mọ́, tí ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ti ṣí ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé ìrètí gbogbo ẹbí sórí. Ẹ wo ọmọ yín bóyá ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lórí òun náà.

Nígbà míràn ẹrù náà wúwo ju ti ìwé lọ. Ní àwọn ọdún 1980, ní Long Beach, California, àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó sá wá láti Cambodia ló ní àwọn ò ríran, tí wọ́n sì yẹ ojú wọn wò tí ó dára. Wọ́n ti wà lábẹ́ Khmer Rouge, ìjọba ìkà tó ṣàkóso Cambodia láti 1975 sí 1979, àwọn míràn nínú wọn ni wọ́n pa ọmọ tàbí ọkọ wọn níṣojú wọn. Mi ò sọ pé irú èyí ló ṣe ọmọ yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹnì kan tó mọ ọ̀rọ̀ ọmọdé bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan, láìsí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ níbẹ̀, kó bi í jẹ́jẹ́ bóyá ẹnikẹ́ni ń lù ú, ń halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Bí ó bá dáhùn, ẹ gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a kì í rí ohun ńlá kankan nídìí tiwọn o. Nígbà míràn, àga tí wọ́n gbé e sí nínú kíláàsì ló fà á. Nígbà míràn a ò rí ìdí rẹ̀ rárá, ara ọmọ á sì yá. Nítorí náà ẹ má sọ ilé di kóòtù nítorí ìdí.

Mo mọ ohun tí orúkọ Aro ń ṣe sí etí ará Abẹ́òkúta. Bí mo bá ní kí ẹ mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìhùwàsí ọmọdé níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò á ní ó ti ya wèrè. Wèrè kọ́. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń bá ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń gbé ẹrù sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹ sì sún mọ́ wọn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ yìí lọ. Ẹ lè má nílò rẹ̀. Bí ó bá ju oṣù méjì lọ tí kò sí ìyàtọ̀, bí kò bá jẹun, bí kò bá sùn, bí ó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má dúró dè mí.

Ti orí òkè, ẹ gbàdúrà fún un, kí ìyá ọkọ yín náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Èmi náà ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ebi pa á, kí wọ́n má ní kó sùn síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kán ohunkóhun sí i lójú: omi ewé, oyin, ìtọ̀, omi ọmú. Mo ti rí ojú tó dára pátápátá tó wá fọ́ nítorí ohun tí wọ́n kán sí i kí ó lè dára.

Ìwòsàn rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ rò ó wò. Ọmọ yìí ti dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bó bá jí lọ́la tó ní òun ń rí, kí ni bàbá rẹ̀ máa sọ? "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ!" Dókítà kejì ti pè é ní òpùrọ́ lójú rẹ̀, ó wá kù kó yàn láàárín kí ojú òun má là àti kí òun jẹ́ òpùrọ́. Ojú ọ̀nà tó máa gbà padà láìtijú ni iṣẹ́ tí gbogbo yín ní láti ṣe fún un. Ohun tí mo máa ń sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rèé, mo sì máa ń sọ ọ́ níwájú òbí rẹ̀ kí wọ́n jọ gbọ́: "Mo ti yẹ ojú rẹ wò dáadáa, ó lágbára. Mo mọ̀ pé o ò rí dáadáa, mo gbà ọ́ gbọ́. Ojú àti ọpọlọ rẹ ni kò tíì máa gbọ́ ara wọn bó ṣe yẹ. Mo ti rí i lára àwọn ọmọ míràn, ó sì máa ń lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló máa padà, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀." Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ, láàárín ọjọ́ sí oṣù mélòó kan, ojú wọn á ti là.

Àwọn kan nínú wa máa ń fún ọmọ ní awò ojú tí kò ní agbára kankan, tàbí omi lásán fún kíkán, kí ọmọ lè rí ohun tó máa di mú. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣiṣẹ́. Èmi kì í ṣe é, nítorí ọjọ́ tí ọmọ bá mọ̀, ó ti mọ̀ pé dókítà náà ń parọ́. Èyí tí mo tún kórìíra jù ni kí wọ́n máa fún un ní sítẹ́rọ́ìdì "bóyá iṣan ló wú," tàbí kí wọ́n máa ya àwòrán lé àwòrán. Gbogbo àyẹ̀wò tuntun tí kò nídìí ń sọ fún ọmọ pé àwọn àgbà ò dá ara wọn lójú.

Nílé, ẹ má bi í láràárọ̀ pé "ṣé o ti ń rí?" Ẹ jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ ilé tó lè ṣe, kó máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kó jókòó níwájú. Ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kó má sọ ọ́ nínú kíláàsì. Ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má sọ pé kó ka gbogbo ìwé tó ti kọjá lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ka nǹkan lójijì, ẹ má pariwo. Ẹ kàn máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ náà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìbànújẹ́ ọkàn sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tọ́jú ìyẹn fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń díbọ́n lóòótọ́, bóyá nítorí owó gbà-máà-bínú lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò wa ń sọ ohun tí ojú rí ni, kì í sọ ohun tó wà nínú ọkàn. Dókítà tó bá pe ènìyàn ní òpùrọ́ ti kọjá ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé. Àìsàn gidi àti èyí tí mò ń sọ yìí sì lè gbé pọ̀ nínú ojú kan náà, nítorí náà rírí ọ̀kan kò fi hàn pé èkejì kò sí.

Ẹ gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí ojú bá ń dùn ún nígbà tó bá ń yí i, bí àwọ̀ pupa bá ṣá lójú kan, bí orí bá ń fọ́ ọ láàárọ̀ tó sì ń bì, bí ìrìn tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá yí padà, bí kò bá ríran lálẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín tàbí ti bàbá rẹ̀ bá ti pàdánù ojú ní ọ̀dọ́, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì dára, kí wọ́n ṣì tún ojú rẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo sọ yẹn, mi ò dá ọjọ́ kankan fún un láti padà wá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ wá dókítà ojú tó ń tọ́jú ọmọdé. Ẹ̀ka ojú ti UCH ní Ìbàdàn kò jìnnà sí yín. Ẹ mú àwọn àwòrán tí wọ́n ti yà dání, kí wọ́n má tún wọn yà. Ẹ má béèrè bóyá wọ́n rí àìsàn. Ẹ ní kí wọ́n dán ẹ̀gbẹ́ ìríran rẹ̀ wò ní mítà kan àti ní mítà méjì, kí wọ́n fi OCT wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún yín. Lónìí ná, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí bàbá rẹ̀ pè é, kó sọ fún un pé òun gbà á gbọ́.